Abiyamọ Kan Náà Láti Ọdún Mẹ́fà: Ṣé Ère Mi Ń Dàgbà, Àbí Ara Mi Ni Mò Ń Dà Kọ?

Agbẹ́gilére kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Láti ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbẹ́ abiyamọ tó pọnmọ. Mo ti gbẹ́ mẹ́tàdínlógún báyìí. Nígbà tí mo kó mẹ́rin lọ sí ibi àfihàn kan ní Erékùṣù, ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ wò wọ́n, ó ní, 'Èyí náà lo kó wá lọ́dún tó kọjá.' Ó dùn mí dé egungun. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n fi í sílẹ̀, pé agbẹ́gi tí kò bá lè gbẹ́ ju nǹkan kan lọ kò tíì mọṣẹ́. Àwọn oníbàárà sì rèé, abiyamọ yẹn náà ni wọ́n ń bèèrè, ó sì ń wu èmi náà láti máa gbẹ́ ẹ. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ère mi ń dàgbà, àbí ara mi ni mò ń dà kọ?"

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ, mo sì tẹ́ fọ́tò mẹ́rin tó o fi ránṣẹ́ sórí tábìlì iṣẹ́ mi kí n tó mú bírò. Ìbéèrè méjì lo bi mí, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wà lábẹ́ wọn tí o kò sọ jáde. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bóyá abiyamọ yìí nìkan ni Ọlọ́run fún ọ, pé tí o bá gbé e sílẹ̀, o lè wo ọwọ́ ara rẹ kí o má rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo mọ ẹ̀rù yẹn, ó bá mi gbé pẹ́. Torí ẹ̀ ni mi ò fi ní dá ọ lóhùn pẹ̀lú "fi í sílẹ̀" tàbí "má fi í sílẹ̀" lásán. Mo ti rí ọ̀dọ́ tí irú ìdáhùn kúkúrú bẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ohun kan tó ti lọ́ mọ́ra. Òótọ́ lọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ, tó bá jẹ́ ti ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹṣin, kó gbẹ́ ẹyẹ, kó gbẹ́ ọpọ́n, kó gbẹ́ òpó, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ ọ̀nà tí igi ń gbà yí. Ṣùgbọ́n ìwọ ti ṣe fìrídọ́ọ̀mù. Wo iṣẹ́ àwọn baba wa. Ohun tí wọ́n ń gbẹ́ kò pọ̀ rárá: ère ìbejì, ẹlẹ́ṣin, obìnrin tó kúnlẹ̀ gbé igbá, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìran dé ìran, àwọn yìí náà ni. Síbẹ̀, ẹni tójú rẹ̀ bá là yóò dá iṣẹ́ Àrówóògùn ará Òsì mọ̀ yàtọ̀ sí ti Olówè ará Ìsẹ̀, ì báà jẹ́ obìnrin tó kúnlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì gbẹ́. Olówè, tó kú ní 1938, a máa gbẹ́ ara ilẹ̀kùn jìn débi pé orí àwọn èèyàn inú rẹ̀ á yọ kúrò lára pákó, bí ẹni ń bẹ̀rẹ̀ wo àlejò tó ń bọ̀. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ó sì di ti British Museum. Mi ò gbà pé ẹnikẹ́ni ní Èkìtì bá a wí rí pé ọba àti olorì náà ló tún gbé dé. Nígbà tí àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Òye-Èkìtì ní 1947, tí Bándélé ọmọ Àrówóògùn ń gbẹ́gi níbẹ̀, tí Lámídì Fákẹ́yẹ sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ọba tí wọ́n ti ń gbẹ́ láti ilé ló di àwọn amòye tó wá kí Jésù. Adé kan náà, ìjókòó kan náà, iṣẹ́ tuntun. Nítorí náà, pé ohun kan náà lò ń gbẹ́ kì í ṣe àìsàn. Ohun tó yẹ ká wò ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ nígbàkígbà tí o bá padà sí i.

Èmi fúnra mi, obìnrin tó kúnlẹ̀ tó gbé igbá lọ́wọ́, tí àwọn àgbà ń pè ní olúmẹyẹ, ni mo mú. Àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́ lẹ́yìn fìrídọ́ọ̀mù mi, ní 1987, igi apá ni, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Kò sí ohun tí mi ò fín sí i lára: ṣùkú orí, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ilà ojú, títí kan ìyẹ́ adìyẹ tó wà lórí ọmọrí igbá. Wọ́n rà á kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Mo gbẹ́ márùn-ún mìíràn tẹ̀ lé e, mo sì rò pé mò ń tẹ̀síwájú, torí pé èyí tó ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tẹ́lẹ̀ ti ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Ọwọ́ tó yá jù a máa jẹ́ kí ojú sùn. Tí ọwọ́ bá ti mọ ibi tó ń lọ, kò ní bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ igi mọ́, kò sì ní bèèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń kúnlẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó gbẹ́ kẹ́yìn ló ń gbẹ́. Ohun tí mò ń pè ní dídà ara ẹni kọ nìyẹn. Ère kẹfà mi jẹ́ ọmọ ère karùn-ún, kì í ṣe ọmọ ohun tí ojú mi rí. Ó dà bí ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì látinú fọ́tókọ́pì, tí ìwé á máa ṣá sí i láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣe é mọ̀.

Ìkeje ló là mí lójú, àṣìṣe ló sì bí i. Mo ra gẹdú ọmọ̀ kan ní Òkóbàbá tí omi ọ̀sà ṣì ń ro lára rẹ̀. Ó yẹ kí n gbé e síbòòji fún oṣù mélòó kan, kí n fi ìda tàbí ọ̀dà dí ojú igi rẹ̀ méjèèjì kí omi inú rẹ̀ má bàa yára jáde. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà ń pè mí ṣáá. Ère náà ti ń parí lọ nígbà tí ọyẹ́ dé. Igi tútù kì í fún bákan náà níbi gbogbo: ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń sún kì, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, òun ló sì ń fà á ya láti ẹ̀yìn lọ sí ọkàn. Mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ìlà gbọọrọ láti èjìká òsì títí dé ìhà obìnrin náà. Mo fẹ́ fi dáná. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kẹrin, mo mú ṣísẹ́lì, mo gbẹ́ gbogbo ibi tó là kúrò. Apá òsì wá di tín-ínrín, àlàfo sì ṣí sílẹ̀ láàárín apá àti ìhà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ láti ọ̀nà ọ̀sà, ìmọ́lẹ̀ gba inú àlàfo yẹn kọjá, ó bọ́ sára ògiri. Mo dúró síbẹ̀, kọ́ọ̀bù tíì mi di tútù lọ́wọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí obìnrin náà dà bí ẹni tó ń mí. Láti ìkẹjọ lọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ ń wá àlàfo yẹn ni. Nínú ìkọkànlá àti ìkejìlá, mo gbé e tóbi jù, ère náà sì fọ́n ká, apá dá wà, ara dá wà. Ìkẹtàlá ni wọ́n tó bá ara wọn mu.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ohun kejì ti wá. Ìyá ìyá mi ní ère ìbejì kan tí wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n ti ń fi osùn pa lára, tí wọ́n ti ń foúnjẹ kàn lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé. Imú ti lọ, ojú ti lọ, ilà ti lọ. Ó dán bí òkúta inú odò. Síbẹ̀, tí o bá gbé e dání nínú òkùnkùn, ọwọ́ rẹ á mọ̀ pé ọmọ ni, á sì mọ̀ pé ọmọ náà gbórí sókè, pé ó ń retí ẹnì kan. Mo bi ara mi léèrè pé tí wọ́n bá wẹ olúmẹyẹ tèmi bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ló máa kù? Òtítọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìtì igi ló máa kù. Gbogbo ohun tí mò ń pè ní ẹwà wà lójú ara rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí iṣẹ́ wa ṣe ń lọ: a ó kọ́kọ́ ṣá igi kí orí, àyà àti ẹsẹ̀ lè yọ, a ó pín in sí wẹ́wẹ́, a ó dán an, kí a tó wá fín in. Fínfín ni mo gbára lé. Ibi ṣíṣá sì ni ìrísí ère ń gbé. Láti ìgbà náà ni mo ti ka èèwọ̀ kan fún ara mi: mi ò ní mú ọ̀bẹ fínfín títí ère náà yóò fi lè sọ̀rọ̀ láìní ojú àti ẹnu.

Ìkẹta ni orúnkún, òun ló sì tì mí lójú jù. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń gbẹ́ obìnrin tó kúnlẹ̀ kí n tó rí i pé tèmi kò kúnlẹ̀ rí. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Lafiaji, wọ́n fún mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, mo wá ń wo bí àwọn obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi orúnkún méjèèjì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ọwọ́ kan á di ìró mú, ìdí á wá gúnlẹ̀ sórí gìgísẹ̀, ọrùn á sì tẹ̀ díẹ̀ kí ojú má bàa ko ojú àgbà. Tèmi jókòó sílẹ̀ gbagidi bí àpótí, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba bí ìdí àga. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún orúnkún ṣe. Mo tún orúnkún ṣe tán, ìbàdí kò bá a mu mọ́. Mo yí ìbàdí, ẹ̀yìn ní láti tẹ̀. Ẹ̀yìn tẹ̀, ọrùn gígùn tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn wá dà bí ohun tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọdún mẹ́rin gbáko ni orúnkún yẹn fi ṣí gbogbo ara ère náà nípò. Bí ìrísí ṣe ń yí nìyẹn, àbúrò mi. Kì í yí torí pé èèyàn jókòó, ó ní òun fẹ́ ṣe tuntun. Ohun kan ṣoṣo ni wàá rí, tí kò ní jẹ́ kí o sùn, òun ni yóò sì fa gbogbo ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Igi pẹ̀lú ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ náà. Igi apá le, ó wúwo, ó máa ń gbà kí ìka ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dúró láìṣẹ́. Igi ọmọ̀ fúyẹ́, ó rọ̀, kò fẹ́ràn ohun tín-ínrín. Tí o bá fi ọmọ̀ gbẹ́ ohun tó o ti ń fi apá gbẹ́, ère náà á sanra fúnra rẹ̀. Ara èmi náà sì ti yí. Èjìká mi kò gba àáké ńlá mọ́, nǹkan kéékèèké ni mò ń gbẹ́, ojú irinṣẹ́ sì ń hàn lára wọn torí mi ò fi yanrìn pépà ha á kúrò bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní ó jẹ́ ọgbọ́n tuntun. Èjìká ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ojú mi ló wá gbà pé ó dára.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà níbòmíì náà. Brancusi, ọmọ ilẹ̀ Romania tó gbé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Paris, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹyẹ kan ní nǹkan bí 1910. Ẹyẹ inú àlọ́ ìlú rẹ̀ ni, Maiastra ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹsẹ̀, àyà rẹ̀ yọ, ó la ẹnu bí ẹni ń kọrin. Ó tún un gbẹ́, ó tún un gbẹ́, nínú òkúta mábù àti nínú idẹ. Ìyẹ́ lọ, ẹsẹ̀ lọ, ẹnu di ojú ibi tí wọ́n ti ré nǹkan. Nígbà tó fi máa di 1923, ó ti di ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ta sókè, tó sì ń dán, tí kò ku nǹkan kan lára rẹ̀ ju fífò lọ. Ó tún ń ṣe é fún nǹkan bí ogún ọdún sí i, ó ju mẹ́wàá lọ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì sì lè má ju bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe tín-ínrín sí lọ. Nígbà tí ọ̀kan lára wọn gúnlẹ̀ sí New York ní 1926, àwọn aṣọ́bodè ní kì í ṣe ère, pé irin ni, kí wọ́n san owó ibodè irin lé e. Ó di ọdún 1928 kí adájọ́ tó dá ère náà láre. Mo máa ń rò ó pé àwọn aṣọ́bodè yẹn kò ní ojú burúkú. Òpin ọ̀nà ni wọ́n rí láìrí ọ̀nà. Ẹni tí kò bá rí ẹyẹ ti 1910, báwo ni yóò ṣe rí ẹyẹ nínú ti 1926?

Henry Moore ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ awakùsà, obìnrin tó fara lélẹ̀ ló mú ní tirẹ̀, láti nǹkan bí 1929 títí ó fi darúgbó. Ó ní níwọ̀n bí ohun tí òun fẹ́ ṣe ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìrònú lórí ìyẹn, òun wá lómìnira láti wá ìrísí tuntun nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ihò tó máa ń lu sáàárín ara obìnrin náà, igi ọmọ̀ mi tó là ni mo rántí. Ọ̀rọ̀ Moore yẹn sì yé Yorùbá dáadáa. Oríkì kan náà ni ìyá fi ń ki ọmọ rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kì í lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe é kò rí bíi ti ọjọ́ tó ń lọ kọ WAEC. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu, kò ní máa wá a kiri. Ohùn ló ń bójú tó.

O ò nílò láti dé Paris kí o tó rí èyí. Wọ ọkọ̀ lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Onikan, lọ dúró níwájú Anyanwu, ère kan tí Ben Enwonwu ṣe ní 1954 sí 1955. Ó tún un ṣe ní ńlá àti ní kékeré lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan sì wà lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York láti 1966. Má dúró síwájú rẹ̀ nìkan. Lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wo bí ara tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ṣe tẹ̀ bí ọ̀mùnú tó ń wá oòrùn, tí orí rẹ̀ sì gbé gbogbo ọlá àwọn ère Ìbíní dání. Tó o bá kúrò níbẹ̀, gba Marina kọjá, kí o wo Ṣàngó tí Enwonwu kan náà ṣe fún ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní 1964. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọwọ́ kan. Wàá rí ohun tó ń tẹ̀ lé èèyàn láti inú ère kan bọ́ sí òmíràn láìjẹ́ pé ó pè é.

Ó wá kan fọ́tò rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí, torí pé iṣẹ́ rẹ jẹ mí lógún. Iwájú ni o ti ya gbogbo wọn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú ìyá rí bákan náà, gèlè rí bákan náà, orí ọmọ yọ ní èjìká òsì nínú gbogbo wọn. Ohun tó yí ni ìdí ère, àti àwọn ọnà tó o fín sára ìró. Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù ni pé ọmọ náà kò wúwo. Tí mo bá fi ọwọ́ bo orí ọmọ, kò sí ohun kan lára ìyá tó máa sọ fún mi pé ó pọn nǹkan kan: ẹ̀yìn rẹ̀ gún, ìbàdí rẹ̀ kò yà, ọrùn rẹ̀ kò bá ẹrù kankan jà. Ọmọ rẹ wà lẹ́yìn ìyá bí báàgì tó kọ́ sára ìṣó. Ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ abiyamọ wà. Lọ sí Òyìngbò láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, má mú ṣísẹ́lì dání, mú ìwé àti pẹ́ńsù. Wo obìnrin tó pọn ọmọ tó jí, kí o wo èyí tí ọmọ rẹ̀ ti sùn. Ọmọ tó sùn wúwo ju èyí tó jí lọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Orí rẹ̀ á ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyá á sì fi gbogbo ara dáhùn láìmọ̀. Wo ìgbà tó bá tẹ̀ba láti tún ọ̀já dì, tí ọmọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni wà lórí tábìlì. Wo èyí tó fẹ́ wọ dánfó, tó fi ọwọ́ kan kàn ìdí ọmọ lẹ́yìn, tó fi ìkejì di irin mú. O ti gbẹ́ mẹ́tàdínlógún, mo sì gbàgbọ́ pé o kò tíì gbẹ́ pípọ̀n rárá. Obìnrin kan àti ọmọ kan lo ti ń gbẹ́. Inú mi dùn láti sọ èyí fún ọ, torí ó túmọ̀ sí pé ère tó o rò pé o ti lò tán, ó lè jẹ́ pé o kò tíì wọ inú rẹ̀.

Wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Má bínú sí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí ọ ní Erékùṣù. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́, ó sì yẹ kó yí ère náà po kó tó la ẹnu. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò purọ́ fún un pátápátá. Ìdánwò kan wà tí o lè fi mọ̀ fúnra rẹ. Wá ibi tí ó gba ère mẹ́fà tàbí méje, kódà kí o yá díẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á, kí o tò wọ́n bí o ṣe gbẹ́ wọn tẹ̀ léra. Kọ ẹ̀yìn wọn síta. Dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, torí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan máa ń pa ìrísí rẹ́. Bi ara rẹ pé: kí ni ìkẹrin mọ̀ tí ìkẹta kò mọ̀? Tí o bá lè fi ìka tọ́ka sí i lára igi, ó ń dàgbà. Tí o bá jẹ́ pé ìtàn ni o ní láti sọ kí n tó rí i, kò tíì dàgbà. Ẹ̀dà ọ̀tọ̀ kan tún wà o: ẹni tó bá fi amọ̀ ṣe ère, tó ṣe mòòdù rẹ̀, tó wá da mẹ́wàá jáde ní fáíbà tàbí sìmẹ́ńtì, iṣẹ́ tó ní ọlá lòun náà ń ṣe, bí kò bá ti pe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ère mẹ́wàá.

Kí lo wá lè ṣe? O lè fi abiyamọ sílẹ̀ fún ọdún kan. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo gbẹ́ ẹyẹ àti ẹja, ó fún ojú mi ní ìsinmi, ṣùgbọ́n mo tún ṣàkíyèsí pé ẹyẹ mi ń kúnlẹ̀. Kò burú, owó ilé nìkan ló lè jìyà rẹ̀. O lè máa bá a lọ, kí o yí ohun kan péré nínú ère kọ̀ọ̀kan, kí ìyókù dúró bó ṣe wà, kí o lè mọ ohun tó fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà yìí lọ́ra, àwọn oníbàárà kò sì ní rí ìyàtọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n òun ni mo fara mọ́ jù fún ọ. O lè yí igi padà tàbí kí o kọ́kọ́ fi amọ̀ ṣe é. Amọ̀ a máa gba àtúnṣe, o lè lẹ̀ ẹ́, o lè yọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé igi tó bá ti lọ kì í padà. Lọ́jọ́ kan péré, o lè wo ọ̀nà mẹ́wàá tí ọmọ lè gbà wúwo lẹ́yìn ìyá. Ní ti àwọn oníbàárà, ya iṣẹ́ wọn sọ́tọ̀. Gbẹ́ abiyamọ tí wọ́n mọ̀ fún wọn, gbẹ́ ẹ dáadáa, má kẹ́gàn rẹ̀, òun ló ń ra gẹdú. Kí o sì ní ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, tí kò ní ọjọ́ ìparí. Èyí tó bá kọ́ ọ ní nǹkan nínú rẹ̀, má tà á, bí ebi tilẹ̀ ń pa ọ́ díẹ̀. Mo ta ìkeje mi. Kò sí ọdún tí mi ò wá a.

Ohun tí mi ò lè sọ fún ọ pọ̀. Fọ́tò kì í gbé ẹ̀yìn ère dé, mo sì lè ti ṣi ọ̀kan tàbí méjì wò. Mi ò mọ bí ọjà àwọn gálárì ṣe ń lọ báyìí tó láti sọ bóyá wọ́n á dúró dè ọ́. Dída idẹ kì í ṣe iṣẹ́ tèmi, bí o bá fẹ́ gba ibẹ̀, wá ẹni tó fi iná rẹ̀ jẹun. Àwọn ère kan sì wà tí wọ́n ń tán lóòótọ́: mo mọ ọkùnrin kan tó gbẹ́ ìlù fún ogún ọdún, ó jí lọ́jọ́ kan, kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ó fi í sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá sí i. Tó bá ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó o bá ti lọ sí Òyìngbò, tó o ti gbẹ́ ìkejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, tí kò sí ohun tó ń pè ọ́ láti inú rẹ̀, fi í sílẹ̀, má ṣe bẹ̀rù.

Olúmẹyẹ mi tó máa jẹ́ ìkejìlélọ́gbọ̀n ṣì jẹ́ ìtì ọmọ̀ níbòòji lẹ́yìn ilé, mo ti fi ìda dí ojú igi rẹ̀ méjèèjì, kò ní gbẹ tán kí ọyẹ́ tó kọjá. Mi ò tíì mọ̀ bóyá á gbé igbá dání ní tọ̀tẹ̀ yìí. Tí o bá ti to tìrẹ, ya ẹ̀yìn wọn ní ìrọ̀lẹ́, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.